Orí Mi Ni Ọkọ Mi Fi Kọ́ Bí A Ṣe Ń Fọwọ́ Òsì Gẹrun

Ọkọ mi ń fọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú ilé wa ní ẹ́síteètì Ìbà, nígbà tí mo rí i pé ìfófòó ọṣẹ ìfọyín ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, kò sì mọ̀. Mo pè é. Ó fẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ kò já gaara. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀. Iṣẹ́ bábà ni ọkọ mi ń ṣe ní Òkokomáíkò, ọwọ́ tó fi ń gẹrun gan-an ni àìsàn náà sì mú.

Nígbà tí a padà sílé, àwọn ará ìjọ ń wá kí i. Ẹlòmíì á ti máa sunkún láti ẹnu ọ̀nà. Ọkọ mi á rọra fi ẹnu rẹ̀ tó wọ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ojú yín ná. Èmi tí mò ń ṣàìsàn ò tíì sunkún." Wọn á rẹ́rìn-ín, ara á wá tu gbogbo wa.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni inú rẹ̀ ń dùn o. Lọ́jọ́ kan, ó kọ̀ láti dìde ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ ní ọsibítù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á níyànjú.

"Jẹ́ kó rẹ̀ mí lónìí," ó ní. "Màá dìde lọ́la."

Mo jókòó tì í, a jọ ń gbọ́ rédíò. Lọ́jọ́ kejì, ó dìde lóòótọ́.

Oṣù mélòó kan kọjá, ọwọ́ ọ̀tún kò tíì lè di nǹkan mú. Ó ní kí n gbé kílípà wá, pé ọwọ́ òsì ò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé orí kalẹ̀? Mo gbé àpótí sẹ́yìn ilé, mo tú irun mi, mo jókòó.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ọkọ mi bi mí.

"Irun ni. Ó máa hù."

Ó pẹ́ lórí ẹ̀ gan-an. Nígbà tí mo wo dígí, apá kan ga ju èkejì lọ, ẹ̀yìn orí mi sì dà bí ibi tí eku jẹ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Síkáàfù ni mo ń wé kiri títí ó fi hù.

Lẹ́yìn tèmi, bàbá àgbà kan ní àdúgbò wa, olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìn tì, gbé orí tiwọn wá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń wo orí àwọn mọ́. Orí wọn ni irun tí ọkọ mi ń gẹ̀ ti wá ń dọ́gba díẹ̀díẹ̀.

Ọkọ mi ti padà sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ọ̀pá ló fi ń rìn, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀yàyà rẹ̀ ló wò ó sàn. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà fún un náà wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀yàyà yẹn ni kò jẹ́ kí oògùn lílò sú u.

Ìgbà tí a lọ rí dókítà kẹ́yìn, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ náà, na apá ẹ, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ tìẹ náà ń ru." Mo nà án. Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà ń ru. A ti di méjì tó ń lo oògùn láràárọ̀.