Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Nídìí Bẹ́ẹ̀dì Tòmátì

Òórùn ìgbẹ́ adìẹ ni mo fi ń rántí ilé tí a kọ́kọ́ gbé ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Àpò mẹ́ta ni ọkọ mi fi mọ́tò kó wá láti oko adìẹ kan ní Ìlárá-Mọ̀kín. Òórùn náà wọ aṣọ wa, ó wọ ìrọ̀rí, débi pé àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kíláàsì ń fọwọ́ bo imú tí mo bá ń kọjá. N kò bìkítà. Àsìkò ọyẹ́ ni, òtútù kì í jẹ́ kí irúgbìn tètè hù, mo sì ti pinnu pé tòmátì tèmi ni yóò kọ́kọ́ pọ́n ládùúgbò. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún mi pé ìgbẹ́ adìẹ máa ń mú ẹ̀fọ́ yára. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì béèrè.

Mo gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, mo fi ṣe bẹ́ẹ̀dì tí n ó gbin tòmátì sí, mo da àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, mo fi iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò ó, mo wá lọ́ àwọn èhù tòmátì tí mo ti tọ́ nínú agolo síbẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin ín. Ìgbẹ́ náà gbẹ nígbà tó dé, ó tutù lọ́wọ́, kò sí ohun tó fu mí lára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo gbé omi jáde. Gbogbo tòmátì náà ti rọ pátápátá, bí ewé tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná. Ìdí wọn ti dúdú, ó ti rà. Èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń rú lórí iyẹ̀pẹ̀ nínú òtútù àárọ̀ yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé: ìyá àgbà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Oǹdó, opó tí kò bímọ. Ọ̀rọ̀ ibi tí a ó máa sá aṣọ sí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, a ò sì kíra wa dáadáa mọ́. Korobá omi gbígbóná tó fẹ́ fi wẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti pa tòmátì mi!" ni mo kígbe. "Omi gbígbóná lẹ dà sí i!"

"Èmi kẹ̀? Ìyàwó, kí ni mo fẹ́ fi tòmátì rẹ ṣe?"

Ibi tó yẹ kí n ti dákẹ́ nìyẹn. Mo pè é ní àjẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, mo pè é bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ará ilé tó ti ń yọjú lójú fèrèsé, pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Kò bú mi. Ó gbé korobá kalẹ̀, ó rọra wá síbi bẹ́ẹ̀dì náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iyẹ̀pẹ̀. Ó wá wò mí. "Ki ọwọ́ rẹ bọ̀ ọ́. Tì í wọlé dáadáa."

Mo fi ìbínú ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, mo sì fà á yọ pẹ̀lú igbe. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, níbi tí kò sí iná, tí kò sí ẹyín iná kan, ilẹ̀ ń jó bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìka mi pọ́n.

"Ìgbẹ́ tí kò tíì jẹrà ni," ni ìyá náà wí. "Bí omi bá ti kàn án, á máa gbóná fúnra rẹ̀. Ìwọ lo se tòmátì rẹ." Ó gbé korobá rẹ̀, ó sì tún dúró. "Nígbà tí ọkọ mi kú ní Oǹdó, orúkọ tí o pè mí yìí ni àwọn ẹbí rẹ̀ pè mí. Orúkọ náà ló gbé mi dé Àkúrẹ́." Ó lọ wẹ̀.

N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Nírọ̀lẹ́, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Níbi tí o ti sọ ọ́, ibẹ̀ ni kí o ti kó o kúrò nílẹ̀," ló sọ fún mi. Mo pe àwọn ará ilé jọ sẹ́yìnkùlé, mo sì sọ níṣojú wọn pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ìyàwó onílé wa mí kanlẹ̀, ó ní, "Háà! Àwa ti gbà á gbọ́ o." Láti àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ péré, wọ́n ti gbà á gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà náà fúnra rẹ̀ ló pè mí. "Ooru yẹn kò burú, o kàn kánjú ni." Ó ní kí n po ìgbẹ́ náà pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ, kí iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ nípọn dáadáa, kí n sì fún un láyè kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń ti ọ̀pá irin bọ inú bẹ́ẹ̀dì, tó ń fà á yọ, tó ń ní kí n dì í mú. Lọ́jọ́ tó wá lọ́wọ́ọ́wọ́, tí kò jó mi mọ́, ó ní ó yá, mo sì gbin ata àti tẹ̀tẹ̀ sí i. Ata rodo tí ọyẹ́ máa ń dá dúró hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí òjò tó dé, a ti ń já tẹ̀tẹ̀, a jọ ń pín in.

Ó ti padà sí Oǹdó báyìí, mo sì máa ń lọ kí i. Ó ti dárí jì mí, kódà ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀. Èmi ni n kò tíì bọ́ nínú rẹ̀. Mo kàwé, mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń kọ́ pé kí wọ́n máa wádìí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lọ́jọ́ tó ṣáájú pé mo lè pe àgbàlagbà ní àjẹ́ nítorí tòmátì, ǹ bá bá a jà. Síbẹ̀, n kò wá ọ̀rọ̀ náà rárá kí n tó rí i. Ó ti wà lẹ́nu mi.