Kámẹ́rà Bọ̀dá Ràsákì Níbi Wòlímọ̀ Àǹtí Mi

Ọjọ́ tí àǹtí mi, Sìdí, ṣe wòlímọ̀ Kùránì ní Ìkọ̀tún, inú bí mi débi tí n kò lè gbàgbé. Bọ̀dá Ràsákì, àbúrò bàbá mi, mú kámẹ́rà fídíò tuntun wá, kékeré bí ọṣẹ ìwẹ̀, kí ìyá àgbà tí kò lè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n lè rí ọjọ́ náà. Àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara, àmọ́ bátìrì rẹ̀ tètè ń kú.

"Ẹ yà mí jàre!" ni gbogbo ẹni tó ń jẹun ń pariwo. Bọ̀dá náà sì ń yà wọ́n ṣá! Bí àǹtí mi ṣe lanu láti kéwú báyìí, kámẹ́rà kú. Kò síná.

Ìyá àgbà wo fídíò náà tán, títí dórí ẹran tó há sí eyín àlejò. Wọ́n ní: "Ràsákì, mo ti rí ẹnu tó jẹun. Ẹnu tó kéwú dà?"