Ìsọdá Odò tí Ìjọba Tà ní Gbàǹjo

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ afárá dúró, kò sẹ́ni tó yọ̀ ní abúlé Bulagaw tó Nana Takia.

Òpó kan ṣoṣo ni wọ́n ti kọ́ sínú odò. Òkúta funfun ni, ó dúró láàárín omi bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Àwọn tó ń gbẹ́ òkúta ti ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìgba owó, nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan, wọ́n di irinṣẹ́ wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. Nana Takia ló sì máa gbé wọn sọdá. Ó ti wà lórí ọkọ̀ ọparun rẹ̀, ó fi sìgá tó nípọn bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ há ẹnu, ó ń wò wọ́n bọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Nana, ẹ̀ ń fi wá rẹ́rìn-ín."

"Èmi? Eyín ló ń ro mí."

"Ẹ ò kúkú ní eyín mọ́."

"Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló ń ro mí."

Ó fa okùn tí wọ́n so láti etí odò kan dé èkejì, ó gbé wọn dé òdìkejì, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ní ẹni tí ìjọba ti jẹ lówó, kì í ṣe òun ló máa tún lá àwo rẹ̀.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Láti ọdún kọ́lẹ́rà tó pa Ruperto ọkọ rẹ̀ ló ti ń fa okùn yẹn. Okùn náà ló fi tọ́ Fermin, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kó tó di pé ìyẹn náà wọkọ̀ lọ sí Hawáì, ó ní òun ń lọ gé ìrèké. Afárá ni ì bá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ orí wo ló fẹ́ fi kọ́ iṣẹ́ mìíràn? Ọwọ́ rẹ̀ ti le bí pátákó, apá ọ̀tún rẹ̀ sì tóbi ju ti òsì lọ débi pé gbogbo bùbá rẹ̀ ló ń fún un lápá kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, kí ayé tó bàjẹ́. Ọkọ̀ ọparun kì í ju ọdún kan lọ kó tó jẹrà. Nítorí náà, lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, ilé kọ̀ọ̀kan ní Bulagaw á gbé ọparun méjì wá sétí odò. Nana Takia á pèsè okùn pankẹ́rẹ́ àti ọtí ìrèké, wọ́n á di ọkọ̀ tuntun pọ̀, wọ́n á sì mu ọtí náà tán kí ọkọ̀ tó kan omi. Bí ìkórè bá dé, ilé kọ̀ọ̀kan á fún un ní ìdì ìrẹsì mẹ́ta, ó parí. Wọ́n lè sọdá lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ bó bá wù wọ́n. Àlejò nìkan ló ń san owó. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì ń ṣèjọba, adìyẹ kan lọ́dún ló ń fi ránṣẹ́ sí àlùfáà, àlùfáà á gbàdúrà fún odò, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àrùn ẹran ló ba ohun gbogbo jẹ́. Nínú ẹfọ̀n mẹ́wàá tó ń túlẹ̀, mẹ́sàn-án ló kú. Níbi tí ẹfọ̀n ò bá sí, ta ló fẹ́ tú oko? Ilẹ̀ tí wọn ò tú, owó ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ gbà lé e? Ìjọba ẹkùn wò ó títí, wọ́n dárí owó ilẹ̀ ji àwọn ènìyàn kí wọ́n má baà sá tán. Wọ́n ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ń jẹun, tíṣà ń jẹun, ẹni tó ń ru lẹ́tà ń jẹun, gómìnà tó sì ti fi afárá tọrọ ìbò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ò lè sọ pé òun ò ṣèlérí. Akápò, ará Amẹ́ríkà pupa kan báyìí lára àwọn tó gba ìjọba lọ́wọ́ Sípéènì, ṣí àpótí owó ẹkùn, atẹ́gùn ló bá níbẹ̀.

Ìjọba tí ebi ń pa kì í rìn jìnnà. Ohun tó bá wà nítòsí ló ń jẹ.

Iṣẹ́ afárá ò tíì dúró ju oṣù méjì lọ tí Dencio akọ̀wé fi dé. Ọmọ Bulagaw ni Dencio, kó tó lọ jókòó nídìí tábìlì ìjọba ní olú ìlú. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kan ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì kà á sókè nítorí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ò mọ̀wé kà níbẹ̀. Ìjọba máa ta ẹ̀tọ́ ìsọdá odò ní gbàǹjo, ọdún kan gbáko, fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ju ti ẹlòmíràn lọ. Owó lásán. Wọn ò gba ìrẹsì.

Nana Takia yọ sìgá lẹ́nu. "Dencio, ka ibi tí orúkọ mi wà."

"Orúkọ yín ò sí níbẹ̀, Nana."

"Ka ibi tí orúkọ odò wà."

"Ìyẹn wà níbẹ̀."

"Ta ló tà á fún wọn tí wọ́n fi ń tà á?"

Dencio ń ká ìwé tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. "Nana, akọ̀wé lásán ni mí."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo gbé ìyá rẹ sọdá lọ́jọ́ tó fẹ́ bí ọ. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá rọra fa okùn."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, Dencio náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn Nana Takia tú gbogbo owó tó fi pamọ́ sínú ọparun òkè àjà. Pésò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, pẹ̀lú èyí tí Fermin fi ránṣẹ́. Ó mọ̀ pé kò tó bí ẹnìkan bá bá òun du. Nítorí náà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun du.

Ó se àkàrà ìrẹsì alágbọn, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gbé àkàrà kalẹ̀, ó ń jókòó, ó ń béèrè ara ọmọ, ó ń dìde. Ohun tó bá wá kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó bá jẹ àkàrà rẹ̀, tó wá lọ gbówó lé odò rẹ̀, ojú wo ló fẹ́ fi wá sétí omi?

Ilé kan ló fò. Ilé Don Melanio ni, òyìnbó dúdú ìlú náà, tó ní oko tábà ní òdìkejì. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Don Melanio ló gbé Fermin lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, wọ́n ti di kumpare àti kumare, bí òbí ọmọ àti bàbá ìsàmì ṣe ń pe ara wọn, láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Èèyàn kì í gbé àkàrà lọ bá kumpare rẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bí ìgbà tí o ń sọ fún un pé o ò fọkàn tán an ni.

Lọ́jọ́ gbàǹjo, akápò jókòó ní ilé ìjọba ìlú, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Dencio ń túmọ̀. Wọ́n ní ta ló fẹ́ rà á. Nana Takia ní pésò mẹ́wàá. Gbogbo ènìyàn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Akápò tún béèrè, wọ́n tún wo ẹsẹ̀ wọn. Ó ti gbé òòlù sókè nígbà tí Don Melanio, tó wà lẹ́yìn, ṣí fìlà lórí.

"Ogójì," ó ní.

Nana Takia kò yíjú padà kíákíá. Ó ní, "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n," bí ẹni pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ju ogójì lọ. Dencio túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Akápò mi orí. Òòlù bọ́.

Lórí àtẹ̀gùn ló ti bá Don Melanio.

"Kumpare, tábà ò tó yín jẹ?"

"Kumare, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ fẹ́ ẹ."

"Èmi tí mo ti wà níbẹ̀ kí irùngbọ̀n yín tó funfun?"

"Gbogbo ìlú lẹ gbé àkàrà fún. Aláìsàn jẹ, ọ̀tá yín jẹ, adití tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ilé mi nìkan lẹ fò. Ìyàwó mi se omi gbígbóná àlejò sílẹ̀ dè yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní bóyá ọ̀rọ̀ odò ti sú yín ni, tàbí ọ̀rọ̀ mi."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá inú ló bí ọkùnrin yẹn lóòótọ́ tàbí owó ló rí. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Èèyàn lè fi ìbínú bo ojúkòkòrò mọ́lẹ̀, kó sì sùn dáadáa.

Ohun tí Don Melanio fẹ́ ṣe kò pẹ́ tó fi hàn. Olúkúlùkù máa san séńtímò méjì, àgbà àti ọmọdé, apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì séńtímò márùn-ún. Kò sí ọ̀rọ̀ ìdì ìrẹsì mọ́.

Sabel, ìyá ọmọ kékeré tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ odò, ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ó rìn dé orí ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ ta á. "Ọparun méjì tèmi dà? Ìwé ni ìjọba tà fún Don. Wọn ò ta ọparun mi." Ó fi àdá gé okùn pankẹ́rẹ́, ó fa ọparun rẹ̀ méjì yọ. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ilé ti jáde. Kí ìrẹsì tó jiná lórí iná, ọkọ̀ ti tán, ó ku okùn tó na gbọọrọ lórí omi. Nígbà tí ọmọọṣẹ́ Don Melanio dé pẹ̀lú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì, odò nìkan ló bá. Ó wo odò, odò wò ó.

Wọ́n rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mẹ́rin. Nana Takia náà rẹ́rìn-ín, ó sì pín ọtí fún wọn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ìrẹsì wọn tó wà lóko òdìkejì ti pọ́n. Ẹyẹ ti mọ̀. Omi ò sì tíì fà. Ọkùnrin tó lágbára lè wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fi orí ru ìdì ìrẹsì wẹ̀? Sabel gbìyànjú. Omi gba ìdì náà, ó sì fẹ́ gba òun náà, àfi bó ṣe rọ̀ mọ́ òpó afárá, tó sì ń pariwo. Wọ́n fi okùn fà á jáde. Nana Takia ló ń fi aṣọ nu ún lórí.

"Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí òpó yẹn tíì ṣe nìyẹn," ó ní.

Sabel ń gbọ̀n. "Nana, a ò ní í fún un ní ọparun o. Nítorí yín ni."

"Mo gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kó sùn. Nítorí yín ni. Àwọn ènìyàn yìí máa jẹ́ kí ẹyẹ jẹ oko wọn tán nítorí òun, wọn ò sì ní dá a lẹ́bi, èyí tó burú jù. Wọ́n á kàn gbààwẹ̀, wọ́n á sì máa kí i dáadáa.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó lọ sílé Don Melanio. Kò gbé nǹkan kan dání. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún un, ó sì gbé omi gbígbóná kalẹ̀.

"Kumpare," Nana Takia ní, "mo jẹ̀bi àkàrà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sẹ́yìn. Tábà yín ńkọ́?"

Don Melanio wo ìta. "Ó wà lábẹ́ àgọ́, lódìkejì."

"Ó ti ń bu."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo ní imú. Ìgbà wo lẹ máa san owó ìjọba?"

"Ìparí oṣù. Pésò mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú ogójì."

"Màá kó ọparun jọ. Màá di ọkọ̀, màá fa okùn. Owó tí àlejò bá san, tiyín. Ìrẹsì tí ará abúlé bá fún mi bí wọ́n ṣe ń fún mi tẹ́lẹ̀, tèmi. Ẹ ò ní gba séńtímò kankan lọ́wọ́ ọmọ Bulagaw."

"Àlejò mélòó ló ń gba ibẹ̀ kọjá? Kí ló wá kù fún mi?"

"Tábà yín."

Ọkùnrin náà ń yí ife omi lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló wú ikọ́, irú ikọ́ tí ìyàwó máa ń wú. Don Melanio ní ó dáa. Ó fi kún un pé ìwé ṣì wà lórúkọ òun. Nana Takia ní kó máa fi ìwé náà bo ìkòkò.

Kò rọrùn láti sọ fún Sabel àti àwọn tó kù. Àwọn kan ní ó ta wọ́n. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ wá ọparun yín, ẹyẹ ń jẹun." Wọ́n gbé e wá, kì í ṣe tayọ̀tayọ̀. Ọtí tó pèsè lọ́dún yẹn ṣẹ́kù, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Nígbà tí oṣù parí, Dencio dé etí odò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti àpò aṣọ kan tó wúwo. Ó ti gba owó Don Melanio àti ti àwọn ìlú tó kù, ó ń gbé e lọ sí olú ìlú.

"Séńtímò méjì," Nana Takia ní. "O kì í ṣe ọmọ abúlé mọ́."

"Nana, iṣẹ́ ìjọba ni."

"Ẹni tó bá ti ta ẹran rẹ̀ kì í tún wá fọwọ́ bu ọbẹ̀."

Dencio jókòó sórí ọkọ̀, ó gbé àpò owó sáàárín orúnkún, ó sì tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju ìyẹ̀fun tábà lọ. "Oṣù kẹta rèé tí wọn ò tíì san owó mi."

Nana Takia wo àpò aṣọ náà. "Èyí tó wà láàárín orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Ti ìjọba ni."

"Ṣé wọ́n á fún ọ nínú rẹ̀?"

"Ọlọ́pàá ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún. Lẹ́yìn náà, tíṣà. Bó bá ṣẹ́kù..."

Nana Takia rò ó. Omi ń lu ọparun lábẹ́ wọn. Dencio lè ṣí àpò náà, ó lè mú séńtímò méjì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ọmọkùnrin yìí ò sì ṣe é. Oṣù mẹ́ta gbáko kò ṣe é.

"Nílé," ó ní, "ìyá tó ń pín oúnjẹ ló máa ń jẹun gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó máa ń jẹun. Mi ò mọ irú ilé tí ẹ̀ ń gbé níbẹ̀ yẹn."

Dencio ti àpò ṣòkòtò rẹ̀ padà sínú.

"Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ wọ ọkọ̀. Ẹni tí kò lówó, ó lápá. Wá di okùn mú."

Dencio dìde, ó gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀, ó gbé àpò owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mú okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kò mọ̀ ọ́n fà. Nana Takia jókòó sórí ọparun, ó tan sìgá. Láti ìgbà tí Ruperto ti kú, kò sẹ́ni tó gbé e sọdá odò náà rí.

"Rọra," ó ní. "Omi máa ń fà sósì níbi tí a dé yìí."