Àpótí Méjìlá Purna Keshari

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Harkha Man fi ya fọ́tò ní ìlú Patan, nínú ṣọ́ọ̀bù àyágbé kan lẹ́bàá ìsun omi olókùúta. Òun ló ń yà á, ṣùgbọ́n Purna Keshari ìyàwó rẹ̀ ló ń tún un ṣe. Obìnrin náà á jókòó ti fèrèsé, á gbé fíìmù sójú ìmọ́lẹ̀, á fi ẹnu bíléèdì họ ibi tó dúdú jù, á sì fi pẹ́ńsùlù tó ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ dí ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Nínú fíìmù, dúdú a máa di funfun, funfun a di dúdú: irun ọ̀dọ́ a máa funfun báláú, eyín a sì dúdú bí èédú. Bí Purna Keshari ṣe mọ ará ìlú nìyẹn. Bí ẹnì kan bá kí i lọ́jà tí kò dá a mọ̀, á di ojú díẹ̀, á sọ dúdú di funfun nínú ọkàn rẹ̀, á sì pariwo pé: "Háà, ìwọ ni! Ọdún tí o gbéyàwó lo wá sọ́dọ̀ wa!"

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí Harkha Man kú, onílé ní òun fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù òun. Kì í ṣe ìjà ló fà á. Ọmọ onílé náà ló fẹ́ máa ta fóònù níbẹ̀. Ó fún opó náà ní oṣù kan.

Ibo ni yóò kó ẹrù náà sí? Fíìmù lé ní ọ̀kẹ́ kan, àwo dígí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò láyé àtijọ́ sì tó ẹgbẹ̀ta. Ilé tó ń gbé, ìpín ọkọ rẹ̀ nínú ogún baba ni. Wọ́n la ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni la igi ìdáná: Harkha Man mú apá kan, Siddhi Man àbúrò rẹ̀ mú èkejì. Ìpín tirẹ̀ kò ju yàrá kan ní àjà kọ̀ọ̀kan lọ, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí àkàbà.

Siddhi Man bá a gbé páálí àkọ́kọ́ wálé. "Bauju," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni níbẹ̀, "ṣé ẹ fẹ́ máa gbé inú ilé yìí ni, àbí ẹ fẹ́ fi í ṣe ilé ẹrù? Onífírémù ní òun á gba gbogbo dígí yẹn. Omi gbígbóná lásán ló máa fi họ àwòrán ara rẹ̀ kúrò."

"Kó wá họ ojú bàbá ẹ dànù?"

"Fọ́tò bàbá wà lára ògiri mi."

"Orí igi lo ti ká a ni?"

Siddhi Man bú sẹ́rìn-ín, ó gbé páálí lé èjìká, ó sì ń ráhùn gòkè lọ.

Ìsàlẹ̀ ilé kò dára, torí ògiri ibẹ̀ a máa làágùn lásìkò òjò. Òkè pátápátá ni ilé ìdáná wà, èéfín sì lọ̀tá fíìmù. Ó wá ku àjà kejì, níbi tó ń sùn. Purna Keshari fi bẹ́ẹ̀dì onígi tí wọ́n fi sin ín wá sílé ọkọ ta ọmọ aládùúgbò kan tó ń ṣègbéyàwó lọ́rẹ. Nilam ọmọ rẹ̀ gbọ́ ní ìlú Pokhara tó ń gbé, ló bá pè é lórí fóònù.

"Màmá, orí kí lẹ wá ń sùn?"

"Orí ẹní ni. Ẹ̀yìn ń dùn mí lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀. Kó kúkú máa dùn mí lórí ẹní."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó jó àwọn páálí tó ti jẹrà. Àwọn fíìmù tó ti ń rùn kíkan, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kí wọ́n má ba ti ẹgbẹ́ wọn jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá yà lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀kan tó dára jù ló pa mọ́. Ó ká ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe àpò fún ìkọ̀ọ̀kan láìfi gọ́ọ̀mù kàn án, ó fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àti ọdún sí i lára. Dígí kò gbọdọ̀ gorí ara wọn. Òró ló tò wọ́n, bí ẹni to àwo oúnjẹ.

Níbi kan ló ti rú òfin ara rẹ̀. Ó bá fíìmù méjì ti Hera Thakun, obìnrin oníwàrà tí àpá ìgbóná kún ojú rẹ̀. Nígbà tí Purna Keshari ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ó fẹ́ fi ọwọ́ ṣàánú. Ó dí àpá náà tán pátá. Hera Thakun gba fọ́tò, ó wò ó títí.

"Ta nìyí?"

"Ìwọ ni, ìyá."

"Irọ́ ni. Eléyìí ò ṣàìsàn rí. Èmi ṣàìsàn, mo sì là á já. Ẹ yà mí padà!"

Harkha Man tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́. Purna Keshari rántí bí ojú ṣe ti òun lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kó fíìmù méjèèjì sínú àpò kan.

Nígbà tó fi parí, páálí mẹ́rìndínlógójì ti di àpótí páànù méjìlá. Mẹ́sàn-án ni yàrá gbà. Mẹ́ta wà lórí àtẹ̀gùn, òjò sì ti ń ṣú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń gbé ọ̀kan gòkè kí ọ̀rinrin ìsàlẹ̀ má bà á jẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó jókòó gbì, ṣùgbọ́n ó gbá àpótí náà mọ́ àyà. Siddhi Man sáré wọlé.

"Bauju! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Má pariwo. Wò ó bóyá dígí kan fọ́."

Ọkùnrin náà dúró, ó wò ó, omi sì lé ròrò sí i lójú. Kò wo dígí kankan. Ó padà sílé rẹ̀, ó mú òòlù, ó sì kọjú sí ògiri tí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà àárín ilé nígbà tí wọ́n pín ogún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ihò ti lu. "Àpò ìrẹsì nìkan ló wà nínú yàrá mi yìí," ló wí, eruku bíríkì kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìrẹsì lè gòkè lọ. Ẹ gbé àwọn èèyàn yín wọlé."

Báyìí, ẹnu ọ̀nà Siddhi Man làwọn èèyàn ń gbà wá wá fọ́tò òkú wọn. Ìyàwó rẹ̀ á fún wọn ní tíì, òun fúnra rẹ̀ á máa fọ́nnu bí ẹni pé òun ló to àpótí. Purna Keshari kì í yá ẹnikẹ́ni ní fíìmù. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á fọwọ́, á nù ún gbẹ, á jókòó tì í lẹ́bàá fèrèsé. Lóṣù tó kọjá, Nilam wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń da orúkọ inú àpótí kọ sínú ìwé. Àpótí karùn-ún ló bá a dé kó tó padà sí Pokhara.