Álọ́ọ̀mù Tí Kò Yọ́

Kí aránṣọ kan tó kó wá sí yàrá ẹ̀gbẹ́ tèmi ní Egan, èmi nìkan ni wọ́n ń pè ní Ìyá Olókùúta ládùúgbò wa. Olùkọ́ ni mí, Èkìtì ni mo ti wá, àárín àpáta ni wọ́n bí mi sí. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ṣa òkúta bí ẹlòmíràn ṣe ń ra bàtà. Ilé kíkọ́ kò dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ wa, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ típà ń da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá ti iléèwé dé, màá bẹ̀rẹ̀ ti òkìtì náà, màá máa tú u títí n ó fi rí èyí tó ń dán tàbí èyí tó ní ìlà pupa lára. Ojú fèrèsé ni mo ń tò wọ́n sí. Àwọn ọmọ àdúgbò náà á mú tiwọn wá, wọ́n á ní, "Ìyá Olókùúta, ṣé èyí dáa?" Ká má purọ́, orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju "Tíṣà" lọ.

Èmi ni mo kọ́ aránṣọ náà ní òkúta ṣíṣà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ogún ọdún jù ú lọ, kì í sì í kí mi láìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró lójú fèrèsé mi, ó ní àwọn òkúta náà rẹwà, ó ní kí n kọ́ òun. Inú mi dùn. Mo fi bí a ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ òkúta hàn án, mo sì kọ́ ọ ní ohun tí bàbá mi kọ́ mi: bí a bá fẹ́ mọ òkúta gidi yàtọ̀ sí ìgò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ la ń gbé e lé. Ìgò á tètè móoru. Òkúta gidi á tutù, á sì pẹ́ nínú òtútù. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tó bá ṣà ló ń gbé sẹ́rẹ̀kẹ́, bí ẹni tí eyín ń dùn. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa kùsà ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn, fi òkúta kan ránṣẹ́ sí i. Inú òwú ni wọ́n dì í sí. Ó tó ẹyin adìẹ, ó mọ́ gaara débi pé mo rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti òdìkejì. Èyí tó mọ́ jù nínú tèmi kò ju èékánná lọ, ó sì ní àbàwọ́n. Mo kí i kú oríire. Ẹnu mi ló kí i o. Inú mi ń ta bí ata.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ tó ń wá sójú fèrèsé mi ti yà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Olókùúta, ẹ jẹ́ ká wò ó." Mo ti dìde kí n dáhùn kó tó yé mi pé èmi kọ́ ló ń pè. Oore tí igún ṣe tó fi pá lórí, òun ni mo ṣe yìí. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó fúnra rẹ̀ gbé òkúta náà wá, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sọ irú èyí tó jẹ́. Ó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sáré lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Mo gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tutù, ó sì pẹ́ nínú òtútù. Mo tún fi ahọ́n kàn án, torí mo ti ń wá ohun tí mo lè fi bù ú kù. Omi kànga wa máa ń pọ́n, álọ́ọ̀mù ni a ń jù sí i kó yọ́, kí omi lè tòrò, álọ́ọ̀mù náà sì funfun, ó ń dán. Ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù máa ń kan lẹ́nu. Èyí kò kan rárá. Òkúta gidi ni, mo sì mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Nígbà tó padà dé, mo nà án sí i. Mo ní, "Álọ́ọ̀mù ni jàre. Wọ́n ti tan ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ó wo òkúta náà, ó wò mí, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá fi bá a jiyàn sílẹ̀, kò jiyàn. Ohun tí gbogbo ará àdúgbò wa ń fi álọ́ọ̀mù ṣe ni òun náà fi í ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbọ́ ìró ìdérí kànga, mo yọjú, mo rí i tó ju òkúta náà sínú omi kó lè tòrò fún gbogbo wa. Mo lè pariwo kó tó jù ú. N kò pariwo.

Omi kò tòrò. Omi pípọ́n yẹn náà ni mo ń fà, tí mo fi ń se ẹ̀wà, tí mo fi ń wẹ̀. Aránṣọ náà kò ṣa òkúta mọ́. Ó kó àwọn kékeré tó ní fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa fi ta sùwé. Wọ́n padà sójú fèrèsé mi, orúkọ mi sì padà sọ́wọ́ mi. N kò gbádùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, kànga ni ojú mi máa ń lọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé tí omi fà, onílé pe ọkùnrin kan wá kó ẹrẹ̀ inú kànga. Mo dúró tì í láti àárọ̀. Gbogbo korobá ẹrẹ̀ tó bá fà sókè ni mo ń fọwọ́ tú. Ó bi mí pé kí ló sọnù, mo ní yẹtí ni, irọ́ mìíràn nìyẹn. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó rí i. Mo fi omi ṣàn án, kò sí ohun tó dín lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí mi. Mo ta á ní kókó sí etí ìró mi, mo wọlé, mo tilẹ̀kùn. Mo fẹ́ ẹ, n kò ní purọ́. Mo ti ń wo ibi tí màá gbé e pamọ́ sí lẹ́yìn àpótí. Bí mo ṣe ń rìn ló ń gbá mi nítan, títí ara mi kò fi gbà á mọ́.

Mo lọ bá aránṣọ náà ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé òkúta náà ka orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo ní, "Kò yọ́. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kò ní yọ́."

Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó mú un. Mo ń retí èébú, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi. Ó ní, "Mo gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, Mọ̀mí, ó tutù. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní álọ́ọ̀mù ni. Mo gbà yín gbọ́ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ."

Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta báyìí, ojú fèrèsé rẹ̀ sì ti kún ju tèmi lọ. Mo ṣì ń jowú òkúta yẹn bí mo bá kọjá. Ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ṣì ń pè mí ní Mọ̀mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un ní òkúta kan, tí mo sọ ohun tó jẹ́ fún un, á ní ẹ ṣeun, á sì kọ́kọ́ gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́ níwájú mi.