Ọkùnrin Àbàtà Tó Gbin Òdòdó Sínú Èèpo Àgbọn

Ẹ má bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Malachy Kinahan. Èmi ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ló sì dojú kọ ilé wọn ní ìlú wa, Killavarra. Tó bá sín, mo gbọ́. Láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé ìwé ló ti ń wa ẹ̀rọ ńlá tó ń họ pítì lójú àbàtà, ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tí wọ́n máa ń dì sínú àpò fún àwọn tó ń gbin òdòdó káàkiri ayé. Bàbá rẹ̀ ṣe é, bàbá bàbá rẹ̀ fi ọkọ́ ṣe é. Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n fi àbàtà sílẹ̀ kó sinmi, tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, Malachy wálé wá jókòó. Ó jókòó débi pé ẹ̀gbọ́n mi Philomena ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa nu eruku lára rẹ̀ bí òun ṣe ń nù ún lára àga.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń tún ìlú ṣe ní kó wá máa bójú tó àwọn ìkòkò òdòdó ìgboro, inú mi dùn. Ìdíje Ìlú Mímọ́ kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọọdún, adájọ́ kan á yọ́ wọ ìlú nígbà ooru, kò ní sọ ọjọ́ tó ń bọ̀, á wo ọ̀nà, á wo ògiri, á wo òdòdó, á bá tirẹ̀ lọ. Àlejò kan kò lè dúró so okùn bàtà ní ìgboro wa kí a má fura sí i. Lọ́dọọdún náà ni Derrymoyle máa ń fẹ̀yìn wa gbálẹ̀. Derrymoyle, ìlú tí kò ní ju ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ìgbéraga lọ.

Ní Fẹ́búárì ni Fada Colman, alága ẹgbẹ́ náà, pe ìpàdé, ó ní lọ́dún yìí máàkì pàtàkì wà fún ìlú tí kò bá lo pítì rárá nínú ìkòkò òdòdó.  Ní Killavarra, níbi tí gbogbo wa ti fi pítì jẹun dàgbà!

Fursey Dolan, tí òun àti Malachy jọ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan náà, ló kọ́kọ́ lahùn. "Kí wá la máa gbìn ín sí? Sínú súẹ́tà Fada?"

Malachy dìde. Ẹnu yà mí, torí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. "Ẹ gbé e fún mi. Mo máa wá nǹkan míì."

"Tó bá kú ńkọ́?" ni Fursey béèrè.

"Tí òdòdó yẹn bá kú kí adájọ́ tó dé, mo máa dìde níbí yìí, mo máa sọ ọ́ lójú gbogbo yín pé kò sóhun tó lè rọ́pò pítì. Ẹ ò tún ní rí mi nídìí ìkòkò mọ́."

"Ọ̀dàlẹ̀ àbàtà," ni Fursey wí, ó sì dé fìlà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdìkejì títì kọjá tí wọ́n bá rí i. Ẹ̀gbọ́n mi náà ńkọ́? Kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju "oúnjẹ ti wà nílẹ̀" lọ. Ó ní ó ti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ìlú.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo Malachy. Ọkùnrin tó ti di àga tẹ́lẹ̀ wá ń sáré! Ilé pákó tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kún fún àpò oríṣiríṣi, kò sì sí ọjọ́ tí kì í ké pè mí láti òdìkejì títì.

"Assumpta, wá. Fún eléyìí lọ́wọ́."

Mo fún un. Ewé jíjẹrà ni, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ṣé o rí i? Ó wúwo jù. Gbòǹgbò ò ní rí èémí mí níbẹ̀. Èyí ńkọ́?"

Èèpo igi páìnì ni ìyẹn, ó rún wẹ́wẹ́. Ó da omi sí i lórí, omi náà gba ìdí ìkòkò jáde kí n tó ṣẹ́jú. "Ìyẹn ní tiẹ̀ kì í gba omi dúró," ló wí, tìdùnnú-tìdùnnú, bí ẹni pé wọ́n fún un ní ẹ̀bùn.

Ọjọ́ tí èèpo àgbọn dé ni mo rò pé orí rẹ̀ ti dà rú. Láti etíkun Sri Lanka ni wọ́n ti kó o wá, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ gbẹ títí ó fi dà bí bíríkì. Malachy gbé ẹyọ kan sínú bárò, ó da omi sí i, ó ní kí n dúró. Bíríkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú, ó wú, ó kún bárò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀, Malachy sì ń rẹ́rìn-ín débi tó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó bu omi ìdí rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Malachy, ṣé o ti ya wèrè ni?"

"Iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Ó ti bá òkun gbé. Iyọ̀ máa jó gbòǹgbò." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn án, ó ń tọ́ ọ wò, ó tún ń ṣàn án, títí tí kò fi gbọ́ iyọ̀ lẹ́nu mọ́. Níkẹyìn, ó po èèpo àgbọn mọ́ èèpo igi, ó fi òkúta funfun kan sí i tó fúyẹ́ bíi gúgúrú, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀, ó fi kún gbogbo ìkòkò àti apẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìgboro, ó gbin òdòdó sí i, ìlú wa rẹwà débi pé àwọn ará Derrymoyle ń wakọ̀ kọjá jẹ́jẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Lónìí ẹyọ kan, lọ́la igi òdòdó kan odindi. Òdòdó tó dúró ṣánṣán dorí kodò.  Adájọ́ lè dé lọ́jọ́kọ́jọ́, Fursey sì ti ń sọ ọ́ nílé ọtí pé kí Malachy lọ tún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ wá sọ ní gbọ̀ngàn ṣe.

 Malachy lọ gbé ìkòkò kan níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó tún gbé òmíràn. "Assumpta, ó wúwo bí òkúta. Ẹnì kan ń bomi rin ín."

Ó ti béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Ni mo bá ní kó wá jókòó sẹ́yìn fèrèsé mi láàárọ̀ kùtù, nígbà tí mo bá ń to ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí ojú wa rí! Gráinne tó ń bá wa ṣe irun ló kọ́kọ́ yọ, ó mú jọ́ọ̀gì dání. Fada Colman tẹ̀ lé e, tòun ti kẹ́tùlù ilé ìdáná rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Fursey Dolan rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó da odindi garawa omi sí apẹ̀rẹ̀ kan.

Malachy di ọwọ́ mi mú. "Fursey? Fursey náà?"

Ẹni tó wá kẹ́yìn wọ aṣọ àwọ̀sùn àti bàtà òjò. Philomena ni. Ó ń bu omi fún òdòdó kọ̀ọ̀kan, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju èyí tó ti bá ọkọ rẹ̀ sọ láti Fẹ́búárì.

Ọ̀rọ̀ náà wá yé Malachy. Ará àbàtà ni gbogbo wa. Lójú wa, ohun tó bá dúdú ló tutù, èyí tójú rẹ̀ bá ti pọ́n ti gbẹ. Pítì tó bá sì gbẹ kanlẹ̀ kì í fẹ́ gba omi mọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rù gbígbẹ bí ẹni ń bẹ̀rù iná. Èèpo àgbọn ò rí bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á tutù rinrin. Àwa ń wo ojú rẹ̀, a sì ń pa gbòǹgbò rẹ̀.

"Wọn ò fẹ́ kójú tì mí," ni Malachy wí. Omi lé sójú rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ fi omi pa ọ́ ni," ni mo dá a lóhùn. Ẹ̀rín pa mí títí ìwé ìròyìn fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Nígbà tí Máàsì parí lọ́jọ́ Ìsinmi, Malachy dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìkòkò méjì, ọ̀kan kún fómi, ọ̀kan gbẹ. Kò bá ẹnikẹ́ni wí, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó yọ òdòdó kan jáde tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, omi ń kán tótó lára rẹ̀. "Ẹ má wo ojú ẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e wò. Tó bá wúwo, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá fúyẹ́, ẹ pè mí." Ó ní kí gbogbo èèyàn tò, kí kálukú gbé méjèèjì. Fada gbé e, Gráinne gbé e. Nígbà tó kan Fursey, etí rẹ̀ pọ́n wẹ̀, ó ní, "Mo kàn ń kọjá lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni o," bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bi í. Díẹ̀ kú nínú àwọn òdòdó náà. Èyí tó pọ̀ jù yọ ewé tuntun.

Ní Jùláì, atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn dúró ti ìkòkò kan níbùdókọ̀. Ó fi ìka kan ojú rẹ̀, ó mirí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ike omi rẹ̀. Philomena ń ti ṣọ́ọ̀bù mi jáde bọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì.

"Ìwọ obìnrin yìí, gbé omi ẹ kúrò níbẹ̀."

"Ó ti gbẹ, mà."

"Ojú ẹ̀ ló gbẹ. Gbé e wò. Gbé e, kò ní bù ọ́ jẹ. Ṣé ó wúwo? Ṣé bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń rí nìyẹn?"

Obìnrin náà gbé e. "Ó wúwo lóòótọ́. Kí lẹ gbìn ín sí?"

"Èèpo àgbọn àti èèpo igi. Pítì tó kún ṣíbí, o ò ní rí i níbẹ̀."

Obìnrin náà fa káàdì yọ látinú kótù rẹ̀, ó fi hàn án.  Adájọ́! Ẹ̀gbọ́n mi ti bú adájọ́. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín Derrymoyle létí.

"Ta ló kọ́ yín?" ni adájọ́ béèrè.

Philomena nàró. "Ọkọ mi ni. Malachy Kinahan. Òun ló ń họ pítì nínú àbàtà wa títí wọ́n fi ní kó dáwọ́ dúró, òun náà ló wá ohun tó rọ́pò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa yọ máàkì nítorí ẹnu mi, ẹ yọ ọ́. Ẹ má yọ nínú tiẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ní Sẹ́ptẹ́ńbà, nígbà tí èsì jáde, a fi máàkì mẹ́ta ju Derrymoyle lọ, wọn ò sì tíì bọ́ nínú ẹ̀ di òní. Ṣùgbọ́n Malachy ò dúró de Sẹ́ptẹ́ńbà. Ẹ̀yìn òpó iná ló wà lọ́jọ́ náà, ó ń gé òdòdó tó ti rọ, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí adájọ́ ti lọ, ó jáde wá tòun ti àlùmọ́gàjí lọ́wọ́.

"Philo, kí lo sọ fún un?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Mo gbọ́. Tún un sọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ki búrẹ́dì bọ abẹ́ abíyá, ó di apá ọkọ rẹ̀ mú lójú gbogbo ìgboro. "Mo ní ọkọ mi ni. Ṣé o ti wá gbọ́? Ó yá, jẹ́ ká lọ sílé, ọ̀dùnkún ti ń tutù."