Aṣọ Tí Mo Ní Ó Ti Gbẹ

Òórùn ẹfínrín gbígbẹ ni mo fi mọ yàrá Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Bí ẹ bá di aṣọ mọ́ mi lójú, kí ẹ fi mí pòòyì nígbà méje, kí ẹ jù mí sáàárín Kétu, imú mi á mú mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni. Inú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni òórùn náà ti ń wá. Aṣọ ilé ló kún inú rẹ̀: aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìbora, èyí tí a fi ń bo tábìlì bí àlejò bá dé. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn ni òfì funfun kan wà, ó nípọn bí awọ erin. Ẹnikẹ́ni kò sùn lórí rẹ̀ rí. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ran òwú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé pé: "Ọjọ́ tí mo bá kú, èyí ni kí ẹ fi wé mi. Mi ò fẹ́ aláwọ̀."

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ bí omi ṣe rí ní Kétu nígbà náà. Kànga ilé wa jìn débi pé bí o bá ju korobá sí i láàárọ̀, wàá jẹ ẹ̀kọ tán, wàá dé ilé-ìwé, mẹ́tìrì, olùkọ́ kíláàsì, á nà ọ́ dáadáa, kí o tó gbọ́ "jàbú". Bí omi náà bá sì dókè, erùpẹ̀ pupa ti bá a wá, á sọ aṣọ funfun di aláwọ̀ ẹ̀pà. Nítorí náà, omi òjò nìkan ni Ìyá Àgbà fi ń fọ òfì rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn tí òjò mẹ́ta bá ti fọ páànù òrùlé mọ́. Ọṣẹ dúdú, búlúù díẹ̀. Kò gbọdọ̀ rí sítáàṣì, torí kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Orí koríko ẹ̀yìn ilé ló ń tẹ́ ẹ sí. Bó bá sì tó àkókò láti kó o, kì í fi ọwọ́ dán an wò.

"Ọwọ́ wa ti le jù nídìí ọkọ́," ló máa ń wí. "Ìṣẹ́tí rẹ̀ ni kí o gbé mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù bíńtín, dá a padà sí oòrùn."

Ọdún tí mo pé mẹ́sàn-án, ikọ́ dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Ìyá mi bá a fọ òfì náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sá a, ó sì gba oko lọ, torí àkókò gbígbin àgbàdo ti dé. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó tì í, kí n máa lé ewúrẹ́, kí n sì kó o bó bá gbẹ. "Àkànní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ o," ni ìyá mi wí kó tó lọ. "Kì í ṣe ọwọ́."

Mo jókòó. Mo lé ewúrẹ́ tó tó ogójì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì péré ni ewúrẹ́ àdúgbò wa. Nígbà tí oòrùn kúrò ní àtàrí, àwọn ẹgbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n ń lọ gbẹ́ ìrẹ̀.

"Àkànní, ṣé ìwọ ni ìyàwó ilé báyìí?" ni ọ̀kan nínú wọn kígbe. "Wá bá wa fọ tiwa náà!"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo fi ọwọ́ kan àárín òfì náà, ó gbóná bí ẹ̀kọ. Ìṣẹ́tí rẹ̀ ńkọ́? Mi ò kàn án. Mo ká a, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí, mo kó aṣọ yòókù lé e, mo sì pa ọmọrí dé gbagidi.

Ìyá Àgbà ń wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Àkànní, ṣé o gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́?"

"Mo gbé e, Ìyá. Tọ̀tún tòsì. Ó gbẹ débi pé bí mo ṣe ń ká a ló ń ké bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Òpùrọ́," ló wí, ó sì fi ọwọ́ pa mí lórí. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọkàn mi balẹ̀."

Ìrẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni mo gbẹ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò fi ẹyọ kan lé e.

Kò ju oṣù méjì lọ, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, Ìyá Àgbà kú. Bàbá mi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Odòmẹ́ta. Ìyá Odòmẹ́ta là ń pè é. Òun ló fa àpótí jáde. Bó ṣe ṣí i, ẹfínrín kọ́ ló jáde, òórùn ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ni. Ó tú òfì náà. Ebu dúdú ti bò ó láti ìṣẹ́tí dé àárín, bí ẹni fọ́n èédú lílọ̀ sí i. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n fún un, ó ya.

Ìyá Odòmẹ́ta yíjú sí ìyá mi. "Ìyàwó, aṣọ kan ṣoṣo! Kan ṣoṣo ni ìyá wa ní kí o bá òun tọ́jú. Àbí o ti ń retí ikú rẹ̀ ni?"

Ìyá mi wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni pé: "Eku ni! Mo rí eku kan tó tóbi bí ewúrẹ́, ó tọ̀ sínú àpótí!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Èmi ni mi ò kó o dáadáa."

Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó bá a dé ilé ọkọ jáde. Funfun ni, ṣùgbọ́n òdòdó aláwọ̀ búlúù wà létí rẹ̀ yíká. Òun ni wọ́n fi wé Ìyá Àgbà, ẹni tó ní òun kò fẹ́ aláwọ̀. Mo dúró lẹ́bàá ògiri, mo ń ka òdòdó títí wọ́n fi gbé e jáde.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ẹbí bàbá mi kò fi aṣọ lé ìyá mi lọ́wọ́ mọ́. "Ìyàwó Elébu" ni Ìyá Odòmẹ́ta ń pè é, níwájú àlejò, nídìí ìkòkò, títí orí ìyá mi fi funfun. Ìyá mi á sì dáhùn pé, "Ọkọ mi, mo ń bọ̀." Kò bi mí léèrè rí. Èmi náà kò sọ. Mo ń wá ọjọ́ tó dáa tí n ó sọ fún un, ó kú kí n tó rí i.

Lónìí, láti Kétu dé Okpomẹ́ta, Bàbá Òpùrọ́ ni wọ́n mọ̀ mí sí. Àwọn ọmọdé ń gbé àpótí ìjókòó wá kí n lè sọ ti kànga fún wọn, ó sì ń jìn sí i lọ́dọọdún. Ti òfì yìí, n kì í sọ ọ́. Omi ẹ̀rọ ti dé ẹnu ọ̀nà mi. Èmi náà ní aṣọ funfun kan, gbogbo ilé sì mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, èmi ni mo ń jókòó tì í. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín kó o. Ó ti gbẹ láti àná."

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo gbé ìṣẹ́tí rẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mo gbé e mọ́ tòsì, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti hunjọ, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń mọ tútù yàtọ̀. Àkànní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò gbé e mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rárá, ó ní ó ti gbẹ. Èmi gbé e mọ́ ọn nígbà mẹ́rin, mo sì tún tẹ́ ẹ padà sí oòrùn.